Ká Wo Ẹṣin Kí A Tó Gbé Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ ọdún kẹwàá

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọdún kẹwàá ní kí Alukoro wá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ohun tí wọ́n rò ni pé ọ̀rọ̀ owó la máa sọ, nítorí iṣẹ́ báńkì tí a ń ṣe. A gbọ́ pé ẹ̀rù ti ń ba àwọn kan pé a fẹ́ ka orúkọ àwọn tó jẹ owó oṣù. Ẹ fọkàn balẹ̀, Akápò ló ni ìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹṣin la fẹ́ sọ. Gbogbo wa la máa ń sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́wàá tí a ti ń ṣèpàdé, kò sí ẹnì kan tó bèèrè bóyá ara ẹsẹ̀ ẹṣin náà le.

Fún ẹ̀yin àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni a máa ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́jọ́ náà, àwa rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, a máa ń wọ aṣọ ẹbí jó lọ síwájú Awùjalẹ̀. Àwọn ìdílé Balógun ló máa ń gun ẹṣin wá. Ẹṣin wọn ni ó máa ń gba ojú àlejò jù, kí a má purọ́. Bí a ti lówó lórí aṣọ tó, bí ẹṣin bá ti wọlé, kámẹ́rà gbogbo a kọ ẹ̀yìn sí wa.

Ọ̀rẹ́ wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jókòó síbí, ilé ẹlẹ́ṣin ló ti wá. Ní ọdún kan báyìí, ó ní ẹṣin kan tí a ń pè ní Pupa. Inú ẹgbẹ́ dùn, a ní a máa ràn án lọ́wọ́. A dá owó aṣọ ẹṣin, a dá owó ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, a sì dá owó bàtà. Ta ló mú àbá bàtà wá? Alukoro ni. A ti wo fídíò ẹṣin kan tó ń rìn lójú ọ̀dà, tí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kò-kò-kò bí ìlù. A fẹ́ kí Pupa dún bẹ́ẹ̀ nínú fídíò tiwa. Pupa kò wọ bàtà rí láyé rẹ̀.

A wá ọkùnrin kan tó mọ irin í lù dáadáa. Irin ló mọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin lé itan, ó gé pátákò, ó gbé bàtà irin lé e. Ibi tí pátákò bá ti yọ kọjá irin, ó fi fáìlì rẹ́ ẹ dànù. Bàtà ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n tí ó mú ẹsẹ̀ bá a mu, bí ìgbà tí bàtà kò gba ènìyàn tó wá mú ọ̀bẹ ti gìgísẹ̀. Àwa kò mọ̀ nígbà náà. Ohun tí a rí ni pé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì jọra wọn bí ìbejì, ó sì wù wá. A pàtẹ́wọ́, a sanwó, a ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ kejì, Pupa ń rìn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń tiro.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí Ojúde Ọba. Gbogbo wa sáré lọ síbùso ẹṣin, a pagbo yí ẹsẹ̀ kan ká. Ohun tí a rí kò ṣòro lójú wa: bí ẹṣin bá ti gbé ẹsẹ̀ òsì iwájú lélẹ̀, orí rẹ̀ a rì wálẹ̀. A ní, ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn ún, òun ló mú kí ó máa wó síbẹ̀. A ní kí ọkùnrin náà tú bàtà òsì. Ó tú u, ó tún un kàn. Lọ́jọ́ kejì, a tún ní kí ó tú u. Ẹnì kan nínú wa ní kí á fi òróró kún un, ẹlòmíràn ní àfọ̀ṣẹ ni. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹfà, Pupa kò fẹ́ kúrò lójú kan mọ́.

Dókítà ẹran tí a pè ló sọ fún wa pé bàbá kan wà ní Ìbàdàn tó ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin póló láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú. Ọmọ Kánò ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn débi pé ó lè fi èdè Ìbàdàn bú ènìyàn. A rán mọ́tò lọ gbé e.

Bàbá dé, a dọ̀bálẹ̀, a ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ òsì ni."

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì dé ẹsẹ̀. Ẹ fún mi ní àga."

Ó gbé àga rẹ̀ sí ọ̀ọ́kán, ó jókòó. Kò sọ̀rọ̀. Ó wo ẹṣin láti iwájú, ó tún gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e lọ sẹ́yìn. A ti ń wo aago, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ọmọ tó ń tọ́jú Pupa fà á rìn lọ lójú ọ̀dà, kí ó fà á bọ̀, kí ó sì mú un yí po. Ó wá yíjú sí wa, ó ní, "Orí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ gbàgbé ẹsẹ̀."

Ohun tó kọ́ wa lọ́jọ́ náà nìyí. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan bá ń dun ẹṣin, yóò gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá kanlẹ̀, kí ìwúwo lè kúrò lórí rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ tó le bá kanlẹ̀ ni orí tó ń rì wálẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti rí ìsinmi. Nítorí náà, ẹsẹ̀ òsì tí a ń tú, tí a ń kàn, tí a tún ń tú fún ọjọ́ mẹ́ta, òun gan-an ni ẹsẹ̀ tó dá ṣáká. Ọ̀tún ló ń dùn ún. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù fún un láti dúró lé lórí, a ti fi ìṣó àti òòlù dà á láàmú.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Bàbá dìde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pátákò kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún iwájú gbóná ju àwọn yòókù lọ. Ó fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lókè pátákò, ó ní kí a wá fọwọ́ kàn án. Ó ń lù kìkìkì. Ó mú òòlù kékeré, ó ń gbá orí ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé ìkẹta ní ẹ̀gbẹ́ òde, Pupa já ẹsẹ̀ gbà. Bàbá fa ìṣó náà yọ, ó fi hàn wá: ẹnu rẹ̀ rin.

Pátákò ẹṣin dà bí èékánná tiwa. Apá òde rẹ̀ le, kò mọ ìrora, ibẹ̀ ni ìṣó gbọ́dọ̀ gbà. Ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ tó sì mọ ìrora wà nínú. Bí ẹ bá yí ẹsẹ̀ ẹṣin sókè tí ẹ sì fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ ó rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìṣó kò gbọ́dọ̀ kọjá ìlà náà wọ inú. Kódà bí kò bá gún ẹran, bí ó bá ti sún mọ́ ọn jù, yóò máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìrora náà sì lè má yọjú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Bí ti Pupa ṣe rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló gbé ìṣó dé ibẹ̀? Èyí ni apá tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bàbá mú wa dúró níwájú Pupa, ó ní kí a wò ó láti àyà wálẹ̀. Àyà rẹ̀ kò fẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà ju ti òsì lọ, nítorí náà gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti èjìká, ló yà sóde díẹ̀. Orúnkún yà, kókósẹ̀ yà, pátákò sì yà tẹ̀lé wọn. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ọkùnrin tó kàn án kò rí èjìká, orí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ wà. Ó rí pátákò tó yà, ó sì fi fáìlì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ òde rẹ̀ kí ó lè tọ́ bí ti òsì. Ibi tó rẹ́ yẹn di tín-ín-rín. Nígbà tí ìṣó wá fẹ́ gba ibẹ̀, kò sí àyè mọ́ àfi inú. Egungun ẹṣin tó ti dàgbà kò ṣeé fi fáìlì tọ́. Bí a bá fi agbára mú ìsàlẹ̀ tọ́, oríkèé tó wà lókè ni yóò jìyà rẹ̀. Ìbejì tí a pàtẹ́wọ́ fún yẹn, àwa la fi ipá bí wọn.

Bàbá tú bàtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí á máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹsẹ̀ náà. Dókítà gún ẹṣin ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí kò sí ẹran ọ̀sìn tí àìsàn náà tètè ń mú bí ẹṣin. Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá bèèrè pé, "Ta ló ní kí ẹṣin yìí wọ bàtà?"

A sọ fún un pé Alukoro ni, fún ti fídíò.

Ó wo ilẹ̀ ibùso, ó wo pápá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Orí iyanrìn ló ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún lẹ ń mú un jáde sójú ọ̀dà. Ẹṣin tó ń sá póló tàbí tó ń rin ojú òkúta lójoojúmọ́, pátákò rẹ̀ a máa jẹ ju bó ti ń hù lọ, ìyẹn nílò irin. Eléyìí kò nílò rẹ̀. Irin dídán lójú ọ̀dà, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Ẹ̀yin ni bàtà wù."

Pupa kò lọ Ojúde Ọba lọ́dún náà. Bàbá ọ̀rẹ́ wa, àgbàlagbà tó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu gàárì ìdílé, ó ti to ó síta. Nígbà tí a lọ sọ fún un, kò bá wa jà. Ó kàn ní kí wọ́n gbé gàárì padà sí yàrá. A jó lọ́jọ́ náà nínú aṣọ wa tó dára, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé wọn ń kọjá tí a kò rí ọ̀rẹ́ wa lórí ẹṣin, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè gbójú sókè. A ti bẹ̀ ẹ́ nílé. A kò tíì bẹ̀ ẹ́ ní gbangba. Ọ̀rẹ́ wa, ìwọ àti bàbá wa, níwájú gbogbo ènìyàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Àwa la fa ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn ọdún náà, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ lọ bá Bàbá ní Ìbàdàn. A ní kí ó kọ́ wa. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun o. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ojú wa là tó láti mọ ìgbà tí a ó sọ pé kí ẹnì kan gbé òòlù sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé la máa ń lọ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan òòlù. Ìjókòó la ń jókòó. Ó máa ń bèèrè pé: ẹsẹ̀ wo ló ń sinmi? Ṣé gbogbo ìgbà ni ó ń sinmi ọ̀kan náà? Etí ńkọ́? Ìbàdí méjèèjì, ṣé wọ́n ga bákan náà bí o bá dúró lẹ́yìn rẹ̀? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè sinmi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá na ẹsẹ̀ iwájú kan síwájú tí ó ń dá a sí bẹ́ẹ̀, wàhálà ti ń bọ̀. Iwájú ni ó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara rẹ̀, bíi 60 nínú 100, ká má tíì sọ ti ẹni tó gùn ún, nítorí náà iwájú ló máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn.

Nígbà míràn, ó máa ń ju bàtà irin àlòkù kan sílẹ̀ níwájú wa, ó ní, "Ẹ sọ fún mi bí ẹni tó ni ín ṣe ń rìn." Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jẹ ju ìkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ẹṣin náà ń tẹ̀ jù. Bí iwájú bàtà bá ti jẹ tán tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà bó ti wà, ẹṣin náà ń sá fún gìgísẹ̀ rẹ̀. Kí ló dé? Ó lè jẹ́ gìgísẹ̀ ló ń dùn ún, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ gàárì. A rí ẹṣin kan tí wọ́n ti yí bàtà rẹ̀ padà nígbà mẹ́rin, àṣé gàárì rẹ̀ ló wọ́ sápá kan. Ẹni tó ń gùn ún máa ń fi ìdí kan jókòó. Bàbá ní kí wọ́n tún gàárì ṣe, kí ẹlẹ́ṣin náà sì lọ kọ́ bí a ṣe ń jókòó. Ẹlẹ́ṣin bínú, ẹṣin kò tiro mọ́.

Èyí tó gbádùn mọ́ wa jù, nítorí iṣẹ́ wa, ni àwọn ìlà tó wà lára pátákò. Pátákò a máa hù láti ibi tí irun parí sí wá sílẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ lóṣù kan. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ níwájú, ó tó oṣù 9 sí 12. Bí oúnjẹ bá yí padà, bí ibà bá ṣe ẹṣin náà, ìlà kan a hàn, ìlà náà a sì máa sọ̀kalẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Bàbá máa ń wo pátákò, á ní, "Kí lẹ fún un jẹ ní bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn?" Ẹnu a ya olówó ẹṣin. Ìwé àkáǹtì ni! Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún òun.

Ibẹ̀ la ti mọ àṣìṣe mìíràn tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa ń da ọkà bàbà àti àgbàdo sílẹ̀ fún ẹṣin kí ara rẹ̀ lè dán. Ikùn ẹṣin kò gba ọkà púpọ̀ lójijì. Ohun tó bàjẹ́ nínú ikùn yẹn, inú pátákò ló máa ń gbà jáde: ẹran tó so egungun ẹsẹ̀ mọ́ pátákò a wú, a sì gbóná. Ẹṣin a wá máa fi gìgísẹ̀ dúró bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná. Ó lè sọ ẹṣin di aláìwúlò títí láé, ó sì lè pa á. Bí ẹ bá pe ẹni tó ń kan bàtà síbẹ̀, yóò kan bàtà. Oúnjẹ ló yẹ kí ẹ dín, kí ẹ sì tètè pe dókítà. Ẹ̀yin ilé ẹlẹ́ṣin tó wà níbí, ẹ dákun, bí ẹ bá máa fi kún oúnjẹ, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí koríko má sì wọ́n níwájú rẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ìtàn yìí lórí WhatsApp wa, ó ní kí á má tilẹ̀ dán irú ẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1975 kò gbà kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn alágbẹ̀dẹ ẹṣin kan bàtà mọ́ ẹṣin, kódà kí ẹṣin náà jẹ́ tirẹ̀. Ọdún bíi mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ẹṣin Lọ́ńdọ̀nù ti wà láti 1356. Àwa tí a ń pariwo ọdún mẹ́wàá, ẹ rọra o.

Lójú tiwa, ẹṣin tó ń wọ ìlú yìí lọ́dọọdún kò kéré, àwọn tó mọ ẹsẹ̀ wọn ni kò tó nǹkan. Ìbàdàn la ń sá lọ, Bàbá sì ti ń darúgbó. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi gbà pé kí iṣẹ́ ìrántí ọdún kẹwàá má jẹ́ géètì, kó má sì jẹ́ pátákó ojú ọ̀nà tí a kọ orúkọ wa sí. Àbá tó wà níwájú ilé ni pé kí ẹgbẹ́ sanwó kí ọ̀dọ́ méjì láti ìlú yìí lọ gbé lọ́dọ̀ Bàbá fún ọdún méjì, kí dókítà ẹran sì máa wá kọ́ wọn lóṣooṣù. Akápò yóò ka iye owó rẹ̀ fún yín tí a bá jẹun tán. Kí ẹ tó dìbò, ẹ bèèrè gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ bèèrè.

Ẹsẹ̀ Pupa ti san. Pátákò tí wọ́n rẹ́ lọ́jọ́ náà ti hù tán, omíràn ti bọ́ sípò rẹ̀, ó sì yà sóde bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò wọ bàtà. Ọ̀rẹ́ wa ti gùn ún lọ síwájú Awùjalẹ̀, gàárì ìdílé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí báyìí, lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ wò ó, ẹ lè lọ, kí àwọn ọmọdé má kàn lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá náà ti dé láti Ìbàdàn láàárọ̀ yìí. Kí àwọn agbàlejò jọ̀wọ́ gbé àga kan fún un lọ sábẹ́ igi náà, níbi tí yóò ti lè máa rí ẹṣin dáadáa.